Ìgalà Etí-Yíya àti Gálílì Wa

Láti Òsí títí dé Ìlọfà, bí ẹnìkan bá wà tó mọ ìgalà jù mí lọ, kí ó jáde wá. Ó pẹ́ tí mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi ti dúdú, kò sì tíì sí ẹni tó jáde. Ilé-ìwé kò pẹ́ lọ́wọ́ mi, òótọ́ ni. Kíláàsì kẹta ni mo wà tí bàbá mi fi ní kí n wá bá òun gbé àpò ọdẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rò pé inú ìwé nìkan ni wọ́n ti ń kàwé, kí ó tẹ̀lé mi dé etí odò ní òwúrọ̀, kí n ka ojú ẹsẹ̀ fún un. Màá sọ fún un pé abo ló kọjá, pé oyún wà nínú rẹ̀, pé ó dúró lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó mumi, pé ohun kan wà lápá òsì tí kò dá a lójú. Ìwé wo ló tún kù?

Ohun tó jẹ́ kí ìjọba gbà mí síṣẹ́ gáàdì igbó nìyẹn, nígbà tí ogun abẹ́lé ti parí, tí wọ́n sì ti ní kí gbogbo ọkọ̀ máa rin apá ọ̀tún. Igbó ìjọba kan wà láàárín oko àwọn ará Ìdòfin àti tiwa. Kì í ṣe igbó dúdú kìjikìji. Ọ̀dàn ni: igi irúgbá níbí, igi èmí lọ́hùn-ún, koríko tó ga ju èèyàn lọ nígbà òjò, àti àpáta tó yọ orí láàárín wọn bí ẹ̀yìn erin. Odò kékeré kan gba inú rẹ̀ kọjá. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, odò náà á gbẹ tán, àfi ibì kan ṣoṣo lábẹ́ àpáta ńlá, tó jìn bí ìkòkò. Ibú la ń pè é. Láti ìgbà tí koríko bá ti gbẹ títí òjò fi máa rọ̀ dáadáa, gbogbo ohun tó ń mí nínú igbó yẹn, ibẹ̀ ló ti ń mumi: ìgalà, ẹtu, túùkú, ọ̀bọ, òòrẹ̀, títí dórí àparò. Bí nǹkan bá ba Ibú jẹ́, kò sí omi mìíràn fún wọn. Wọn á jáde lọ sínú oko, ìbọn sì ń dúró dè wọ́n nínú oko.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí fún ni pé kí n máa lé ọdẹ àti onígẹdú. Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe ẹni tí yóò jókòó sábẹ́ igi kí ó máa lé eṣinṣin. Mo fẹ́ mọ̀. Mo fẹ́ mọ ẹni tó ń wá mumi, ìgbà tó ń wá, àti ohun tó ń lé e sá. Mo wá ronú ohun kan tí bàbá mi tó jẹ́ ògbójú ọdẹ kò ronú kàn rárá: mo wá ìgbálẹ̀, mo sì ń gbá iyanrìn etí Ibú ní ìrọ̀lẹ́ kí ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ní òwúrọ̀, n óò wá wo ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà n óò tún un gbá, kí n lè mọ àwọn tó ń wá ní ọ̀sán. Àwọn ọdẹ ẹlẹgbẹ́ mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí.

“Ìyàwó ìgalà, o ti gbálẹ̀ ọkọ rẹ tán?”

Mo ní, “Mo ti gbá a. Ọkọ tèmi ń wálé lójoojúmọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìbọn wá tiyín kiri, ẹ rí i?”

Inú iyanrìn yẹn ni mo ti mọ Etí-yíya. Abo ìgalà ni, etí rẹ̀ ọ̀tún ya sí méjì bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ìjì bá jà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá ní kùtùkùtù tàbí nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, ṣùgbọ́n òun, ìgbà tí oòrùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní àtàrí ló ń wá, nígbà tí gbogbo ohun abẹ̀mí ti sá sí abẹ́ òjìji. Ọdún méjì ni mo fi wádìí ìdí rẹ̀. Mo rò ó pé bóyá ó mọ̀ pé àkókò yẹn ni ọdẹ máa ń sùn. Bóyá ó burú sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Mi ò tíì mọ̀ títí di òní, ó sì ń dùn mí.

Ọ̀gá tí wọ́n fi lé wa lórí kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Ó ti lọ sí yunifásítì, alùpùpù ló ń gùn wá láti ọ́fíìsì. Ọmọ dáadáa ni, kì í pè mí ní gáàdì, “ẹ̀gbọ́n” ló ń pè mí. Ní ọjọ́ kan ó jókòó tì mí lórí àpáta, ó ní:

“Ẹ̀gbọ́n, ìjọba fẹ́ kí àwọn èèyàn máa wá gbafẹ́ níbí. Kí wọ́n wá wo ẹranko, kí wọ́n gba atẹ́gùn. Igbó tí ẹnikẹ́ni kò bá wá wò, kì í pẹ́ tí onígẹdú fi ń gbà á.”

“Ọ̀gá, tí wọ́n bá wá, tí ẹranko sì torí wọn sá lọ ńkọ́?”

“Ìyẹn náà, onígẹdú á gbà á.” Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé kò sí ẹni tó mọ ẹranko jù yín lọ. Ẹ bá wa wá ọgbọ́n sí i.”

Ó gbé ìwé ńlá kan fún mi tí àlejò yóò máa kọ orúkọ sí. Àwọn olùkọ́ wá láti Òsí. Òyìnbó kan àti ìyàwó rẹ̀ wá, wọ́n jókòó sórí àpáta láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́ láìsọ̀rọ̀, Etí-yíya jáde, ó mumi níwájú wọn, ó padà. Òyìnbó yẹn gbá mi lọ́wọ́ mú bí ẹni pé èmi ni mo bí ìgalà náà. Ó yẹ kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ inú ìwé ọ̀hún kò tíì kún ojú ìwé méjì, ọ̀gá sì máa ń ṣí i wò, á sì mí kanlẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn tí ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa fi ṣe ìpàdé lórí ibi tí a ó ti ṣe Gálílì. Ẹ mọ̀ pé ní ọjọ́ kejì Àjíǹde, gbogbo ìjọ máa ń jáde kúrò nílé lọ jẹ, lọ mu, lọ kọrin níta. Abẹ́ igi máńgòrò ilé-ìwé la ti máa ń ṣe é. Àwọn kan ní ó ti sú àwọn. Mo bá dìde. Ẹnu mi ló kó gbogbo rẹ̀ wá, mi ò ní purọ́ fún ẹ̀yin tí ẹ ń kà á. Mo ní:

“Kí ló dé tí ẹ ń jókòó sábẹ́ máńgòrò bí ọmọ ilé-ìwé? Ẹ wá sí Ibú tèmi. Omi wà, àpáta wà, òjìji wà. Àwọn ìgalà mi á jáde wá kí yín bí ewúrẹ́ ilé.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo jókòó, mo na ẹsẹ̀.

Wọ́n lé ní igba tó wá lọ́jọ́ náà, àwọn kan fi ọkọ̀ akẹ́rù, àwọn kan fi ẹsẹ̀ rìn. Ará ibòmíràn á gbé ìrẹsì lọ sí Gálílì, ó tán. Àmọ́ ẹ mọ irú èèyàn tí àwa jẹ́ níhìn-ín. Ọjọ́ tí a kò bá jẹ iyán, ebi ló pa wá sùn, bí a tilẹ̀ jẹ odidi màlúù. Àwọn obìnrin gbé odó mẹ́fà sọ̀kalẹ̀ láti inú ọkọ̀, odó ńlá, pẹ̀lú ọmọrí odó méjì-méjì. Wọ́n tò wọ́n sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú létí omi, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gún un, gbìn, gbìn, gbìn, tí ewé ń gbọ̀n lórí igi. Àwọn kan ń fọ ìkòkò lódò, ọṣẹ ń hó. Àwọn èwe ń wẹ̀. Wọ́n kọrin, wọ́n jó. Ó dùn, ẹ má jẹ́ kí n parọ́, mo jẹ iyán títí ikùn mi fi le.

Ìgalà kankan kò jáde. Ọ̀kan nínú àwọn àna mi pariwo láti òdì kejì omi:

“Àna wa, níbo làwọn ewúrẹ́ ilé yín wà?”

“Ẹ ní sùúrù, wọ́n ṣì ń wọṣọ!”

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n kọ orúkọ wọn sínú ìwé ọ̀gá títí ó fi kù díẹ̀ kí ó kún.

Mo gbá iyanrìn lọ́jọ́ kejì. Kò sí ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ kẹta, kò sí. Ọjọ́ kẹrin, àparò méjì. Mo bá wá ojú ẹsẹ̀ yí igbó ká, mo rí i bó ṣe rí: gbogbo wọn ti jáde, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí ẹni tó ń lọ sọ́jà, wọ́n gba ọ̀nà oko àwọn ará Òkè-Òpin. Ní ọjọ́ karùn-ún ni mo gbọ́ pé àgbẹ̀ kan níbẹ̀ ti yìnbọn pa akọ ìgalà ńlá kan tó wọ inú oko rẹ̀. Mi ò lè bá a wí. Oko rẹ̀ ni, ìbọn rẹ̀ ni, ẹran kò sì kọ orúkọ ìjọba sí ìdí. Ọkùnrin náà mọ̀ mí, ó tilẹ̀ fi itan kan ránṣẹ́ sí mi kí n fi jẹ iyán. Mo jẹ ẹ́. Ẹran ni. Ṣùgbọ́n mi ò jẹ ẹ́ tán.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni Etí-yíya padà wá, òun nìkan, ó ti rù. Òjò rọ̀ láìpẹ́ sígbà náà, omi pọ̀ níbi gbogbo, ìyẹn ló yọ wá. Àmọ́ mo mọ̀ pé Àjíǹde ọdún tó ń bọ̀ á tètè dé, á sì bá wa nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ṣọ́ọ̀ṣì mi sì ti ń sọ pé Ibú ni, Ibú ni. Àwọn Aládùúrà gbọ́, àwọn Onítẹ̀bọmi gbọ́, àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ní bí Iléyá bá dé, àwọn náà ń bọ̀. Ọ̀gá mi ń fò fún ayọ̀.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn tún dé, mo ní kí n wádìí ẹni tó jẹ̀bi gan-an. Orin ni? Ọṣẹ ni? Àbí kí ni?

Orin ni mo kọ́kọ́ dán wò. Mo jókòó sórí àpáta ní ọ̀sán, bí Etí-yíya ṣe jáde báyìí, mo gbé orin ṣọ́ọ̀ṣì sókè. Ó gbé orí, ó gbọ́ odidi ẹsẹ kan, ó sì tẹrí ba, ó ń mumi lọ. Mo kọ ẹsẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán. Àwọn akọrin wa ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ohùn mi kò dára, ẹ wá gbọ́ ẹ̀rí ìgalà. Mo tún fọ ẹ̀wù mi pẹ̀lú ọṣẹ létí omi. Ìyẹn kò tẹ́ ẹ lọ́rùn rárá: ó gbóòórùn, ó fọn imú, ó yí gba òkè lọ, ó mu níbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ó ti gbàgbé. Ọṣẹ burú, mo ti mọ̀, àmọ́ kì í ṣe ọṣẹ ló lé wọn fún ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Ó wá ku odó. N kò lè máa gún odó kí n tún máa ṣọ́ ẹranko, mo bá lọ bá ìyàwó mi.

Ó wò mí. “Bàbá ọmọ mi, ẹ ní kí n gbé odó wọ inú igbó?”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Wàá kàn gún un díẹ̀, n óò máa wo ìgalà.”

“Kí ló máa wà nínú odó ọ̀hún?”

“Kò sí nǹkan kan. Òfìfo ni.”

“Èèwọ̀! Ta ló ń gún odó òfìfo? Kí àwọn ará ilé mi gbọ́ pé ibi tí ọkọ mi bá mi dé nìyẹn? Iṣu á wà nínú rẹ̀, tàbí kí ẹ lọ fi orí ara yín gún un.”

Bí ó ṣe di pé à ń jẹ iyán nínú igbó nìyẹn. Ó kọ́kọ́ gún un létí omi gan-an, ọjọ́ mẹ́rin ni Etí-yíya kò fi wá, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣàìsàn. Nígbà tó padà, mo jẹ́ kí ara rẹ̀ balẹ̀ dáadáa, kí a tó tún gbé odó lọ sábẹ́ igi irúgbá kan tó jìnnà tó ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ bàtà. Ó sá, ó padà ní ọjọ́ kejì. Ó yà mí lẹ́nu, torí láti etí Ibú, èmi tí etí mi mú bí ti ajá kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ odó náà. Báwo ni òun ṣe gbọ́ ọ? Mo dojú bolẹ̀ lórí àpáta, mo fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ tì í, ìyàwó mi sì ń gún un lọ́hùn-ún. Mo gbọ́ ọ nínú eyín mi. Ẹ gbọ́ mi: inú eyín! Òkúta kan náà ló tẹ́ sábẹ́ gbogbo ilẹ̀ yẹn, ohun tó bá lù ú níhìn-ín, á dún lọ́hùn-ún. Ẹsẹ̀ ni ìgalà fi ń gbọ́ odó, kì í ṣe etí. Ta ló kọ́ mi? Inú ìwé wo ló wà?

A gbé odó dé ẹ̀bá títì níkẹyìn, níbi tí ọkọ̀ ń dúró sí. Lọ́jọ́ yẹn, Etí-yíya kàn gbé orí sókè ni, kò lọ.

Mo ròyìn fún ọ̀gá mi. Ó fò sókè, ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, mo ní òun tó lọ sí yunifásítì ni kí ó kọ ọ́. Ó kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ó fọwọ́ gbá orí.

“Ẹ̀gbọ́n, mi ò lè sọ pé kí wọ́n má wá. Bí wọ́n bá padà sábẹ́ máńgòrò, ta ló máa kọ orúkọ? Èèyàn yín ni wọ́n. Ẹ lọ bá wọn sọ̀rọ̀.”

Ẹni tó yẹ kí n bá sọ̀rọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Ìyá Ìjọ wa ni. Ohun tó bá sọ nípa oúnjẹ Gálílì, àlùfáà pàápàá kì í yí i padà. Ìyàwó ilé wa ni, àbúrò bàbá mi ló fẹ́ ẹ, torí náà, bó tilẹ̀ tó ìyá bí mi, “ọkọ mi” ló ń pè mí. Mo bá a níbi tó ti ń pa ẹ̀gúsí. Mo dọ̀bálẹ̀.

“Ọkọ mi, Ọ̀gá Igbó! Dìde, kí ilẹ̀ má ba aṣọ ìjọba jẹ́. Àwọn ewúrẹ́ rẹ ńkọ́, wọ́n ti wọṣọ tán?”

Mo jókòó, mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò dá mi dúró. Nígbà tí mo dórí odó, ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀gúsí.

“O ní kí a lọ sí Gálílì láìgún iyán.”

“Ẹ̀yin ìyá, kí ẹ gún un nílé, kí ẹ gbé e wá ni. Wọ́n ṣáà ní iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́.”

“Òwe nìyẹn, kì í ṣe oúnjẹ. Ìwọ gan-an á jẹ iyán tó ti di òkúta? Ìwọ tí ìyá rẹ sọ fún mi pé o máa ń sunkún bí iyán bá lọ́ wọ́ọ́rọ́?” Ó padà sídìí ẹ̀gúsí. “Wọ́n lọ sí Gálílì nínú Bíbélì, etí omi ni wọ́n ti bá Olúwa. Ó sì se oúnjẹ fún wọn níbẹ̀.”

“Ẹja ló yan. Kò gún nǹkan kan.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gúsí fi dà nù lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó wá wò mí lójú.

“Ọkọ mi, ẹnu rẹ pọ̀. Láti kékeré ni. Ìwọ lo ní kí a wá, ìwọ lo tún ń ní kí a má wá. Ta ni kí n gbà gbọ́ nínú ẹ̀yin méjèèjì?”

Mo gbà pé mo jẹ̀bi. Ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀, nítorí kì í ṣẹlẹ̀ sí mi léraléra. Mo ní: “Àṣejù ni mo ṣe nígbà náà, ẹ̀yin ìyá. Wọn kì í ṣe ewúrẹ́. Wọn kì í ṣe tèmi.”

Ó pa ẹ̀gúsí mẹ́ta, mẹ́rin.

“Ó dáa. Ẹ̀bá títì la ó gbé odó sí. A ó tẹ̀lé ọ dórí àpáta rẹ, a ó sì dákẹ́, èmi ni n óò pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Bí ohun tó ò ń sọ yìí bá jáde wá tí a fojú rí i, a ó padà lọ sẹ́bàá títì lọ gún iyán wa. Bí kò bá jáde, a ó gbé odó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sọ̀kalẹ̀ wá sétí omi, o kò sì gbọdọ̀ la ẹnu rẹ mọ́ láéláé nílé wa.”

Mo gbà.

Ọjọ́ kejì Àjíǹde pé. Wọ́n lé ní igba lẹ́ẹ̀kan sí i. Odó jókòó sẹ́bàá títì, iṣu ti wà lórí iná, àwọn obìnrin mélòó kan ń ṣọ́ ọ. Mo to àwọn yòókù sórí àpáta, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ láti orí omi wá bá wa, kí òórùn wa má baà lọ bá ẹranko. Mo fi ọwọ́ hàn wọ́n bí wọ́n ṣe máa jókòó, mo sì kọjú sí ibi igi kan tó wọ́, níbi tí Etí-yíya ti máa ń yọ. Ìyá Ìjọ jókòó tì mí, ó fi agbòòrùn rẹ̀ lé orí itan.

Ẹ ò tíì rí kí ìjọ wa dákẹ́ rí, kódà nígbà àdúrà. Wọ́n dákẹ́ lọ́jọ́ náà. Ọmọ ọwọ́ kan fẹ́ ké, ìyá rẹ̀ ti ọmú bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Oòrùn dé àtàrí, ó kúrò ní àtàrí. Nǹkan kan ò yọ lábẹ́ igi. Òógùn ń ṣàn lẹ́yìn mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti oòrùn. Mò ń ronú pé bí odó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá sọ̀kalẹ̀ lónìí, kò ní sí ẹranko tí yóò padà wá ní ọjọ́ kẹsàn-án, nítorí òjò kò tíì sún mọ́ tòsí. Lẹ́yìn mi mo gbọ́ ohùn àna mi, wúyẹ́wúyẹ́:

“Aṣọ yẹn mà pọ̀ o.”

Àwọn kan ń pa ẹ̀rín mọ́nú. Ojú mi kò kúrò lábẹ́ igi. Mo ti ń gbìyànjú àtidìde kí n jẹ́wọ́ pé ó ti tán, nígbà tí Ìyá Ìjọ fi ìdí agbòòrùn gún mi lórúnkún.

“Ọkọ mi,” ó ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, “ta nìyẹn?”

“Níbo?”

“Lẹ́yìn òkúta ọ̀hún. Ó ti pẹ́ tó ti dúró. Mo rò pé o ti rí i.”

Mo yí ojú sí apá ọ̀tún, apá tí mi ò gbá rí, apá tí mo ti búra pé ẹranko kankan kì í gbà. Etí-yíya ni. Ó dúró gbọnin, àwọ̀ rẹ̀ àti ti òkúta kò yàtọ̀ síra, àfi funfun ìlà ara rẹ̀. Lábẹ́ ikùn rẹ̀ ni ẹsẹ̀ tín-ín-rín mẹ́rin mìíràn wà. Ó ti bímọ, èmi tí mo ń ka ojú ẹsẹ̀ kò mọ̀. Obìnrin tí kò wọ igbó rí ju ibi tí wọ́n ti ń ṣẹ́gi lọ ló fi í hàn mí.

Ọ̀rọ̀ náà rìn láti etí dé etí, láìní ohùn. Mo gbọ́ bí igba èèyàn ṣe mí sínú lẹ́ẹ̀kan náà. Etí-yíya rìn dé etí omi. Ó ti ẹsẹ̀ kan bọ̀ ọ́. Kò tẹrí ba. Ó gbé ojú sókè, ó ń wò wá, àwa náà ń wò ó. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò, ó tún un tì bọ̀ ọ́, kò mu.

Ó ṣe díẹ̀, Ìyá Ìjọ mí kanlẹ̀.

“Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́,” ó wí. “Ojú ló ń tì í. Ta ló lè mumi níwájú igba ojú? Ẹ jẹ́ ká lọ.”

“Ẹ̀yin ìyá, báwo lẹ ṣe rí i? Èmi...”

“Ìwọ ń wo ibi tó o mọ̀. Èmi ò mọ ibì kankan níbẹ̀, ni mo bá ń wo gbogbo rẹ̀. Pa ẹnu mọ́, ọmọ rẹ̀ ń mu ọmú.”

Ó dìde díẹ̀díẹ̀, ó fi agbòòrùn júwe ọ̀nà, wọ́n sì ń tẹ̀lé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n bọ́ bàtà sọ́wọ́. Mi ò sọ fún wọn pé kí wọ́n bọ́ ọ. Àna mi kọjá lára mi, ó na ìka sí mi.

Èmi kò tẹ̀lé wọn. Nǹkan kan wà tí mo mọ̀ tí wọn kò mọ̀, tí mi ò sì sọ fún Ìyá Ìjọ: odó kan ṣoṣo ni ìyàwó mi gún lẹ́bàá títì. Mẹ́fà ni wọ́n fẹ́ gún báyìí, ọmọrí odó méjìlá. Bí ilẹ̀ á ṣe gbà á, mi ò mọ̀. Mo dojú bolẹ̀ lórí àpáta, mo fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ tì í, mo ń wo Etí-yíya láti ibẹ̀.

Ó ṣì dúró. Ọmọ rẹ̀ ti jáde lábẹ́ rẹ̀, ó ń fimú kan omi, ó ń ta sẹ́yìn. Ó pẹ́. Mo rò pé wọ́n á ti máa kó iṣu sínú odó. Ọmọ rẹ̀ tún fimú kan omi lẹ́ẹ̀kejì.

Ó bẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́ ọ nínú eyín mi, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn ní ilé kejì. Ọmọ fò padà sábẹ́ ìyá. Etí-yíya gbé orí sókè, etí tó dára àti èyí tó ya, méjèèjì kọjú sí ọ̀nà títì. Mo di àpáta mú. Mo kà á: gbìn kan, gbìn méjì, mo kà á dé ogún. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó dì í mú sókè bí ẹni tí kò mọ ibi tí yóò gbé e sí. Lẹ́yìn náà ó gbé e sínú omi, ó tẹrí ba, ó sì ń mu. Ó mu títí. Mo rí bí omi ṣe ń gba ọ̀fun rẹ̀ lọ, odó kò sì dákẹ́.

Nígbà tí mo fi dé ẹ̀bá títì, wọ́n ti jẹ iyán tán. Ọbẹ̀ ló kù.